Élíhù àti Elégédé Tó Ń Mu Wàrà

Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún Élíhù Tọ́túlù. Ó fún un ní ẹsẹ̀ méjì, etí méjì, àti ẹnu kan ṣoṣo. Ẹnu kan ṣoṣo yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí gbogbo àwọn yòókù máa ṣe. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Òháíò lọ́dọ̀ wa bá gbé ẹ̀rọ ìtulẹ̀ wọn, Élíhù á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó di ṣọ́ọ̀bù Dékìn Wílẹ́tì, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń jókòó sórí àgbá ìṣó, tí wọ́n ń jẹ tábà, tí wọ́n ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni o. Àgbàdo rẹ̀ ń gbó, àlìkámà rẹ̀ kò sì burú. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ò bá lè rí láti ojú ọ̀nà, Élíhù ò kà á sí nǹkan kan. Nígbà tó kun abà rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì nìkan ló kùn. Ẹṣin tó rà, nítorí bó ṣe ń gbé ọrùn ló ṣe rà á. Pé ẹṣin náà kò fẹ́ràn kí wọ́n so ohunkóhun mọ́ òun lẹ́yìn, ìyẹn kò dí Élíhù lọ́wọ́ láti san owó rẹ̀.

Ẹni tí gbogbo àṣehàn yìí ń dùn jù ni Kẹtúrà, ìyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, inú ihò ìdáná ńlá tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri ló ti ń se oúnjẹ. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín á wọ̀ ọ́ lójú, iná á ta sí i láṣọ. Kò sí yẹ̀rì rẹ̀ kan tí iná kò tíì jẹ níbi ìṣẹ́tí. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ Élíhù: ààrò irin, irú èyí tí èéfín rẹ̀ ń gba inú páìpù jáde, tí obìnrin fi lè dúró ṣánṣán se ọbẹ̀ bí ọmọ èèyàn. Ọdọọdún ni Élíhù ń ṣèlérí ààrò náà. Ọdọọdún náà ni ohun kan tó ń dán ju ààrò lọ ń yọjú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Dékìn Wílẹ́tì gbé ààrò irin tuntun kan síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dúdú ni, ó ń kọ mọ̀nà, wọ́n ya òdòdó sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní òun fi ta àdúgbò lọ́rẹ: bí ọjọ́ ìpàtẹ irè oko bá pé nígbà ìkórè, ohun tí àwọn adájọ́ bá rí pé ó dára jù nínú gbogbo ohun tí àgbẹ̀ kó wá, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe èso, ìbáà ṣe ohun tí obìnrin fi ọwọ́ ṣe, olúwarẹ̀ ni yóò gbé ààrò lọ sílé. Kẹtúrà rí ààrò náà lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ṣí i, ó sì rọra pa á dé.

Élíhù rí bó ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ká sọ tòótọ́, ó dùn ún. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ti dun Élíhù, ẹnu rẹ̀ ló máa ń rán níṣẹ́.

Ni ó bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó dúró láàárín àwọn tó jókòó sórí àgbá ìṣó, ó ní elégédé kan wà lóko òun tí irú rẹ̀ kò tíì sí láti ìgbà Nóà. Ásà Kírándà, aládùúgbò rẹ̀ tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, bi í bí elégédé náà ti tóbi tó. Élíhù ní ó ṣì kéré báyìí, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ iwájú. Ásà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ló bà á jẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, bí ìbò bá dé, tí ọkùnrin méjì bá ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí tirẹ̀ bá já kulẹ̀ ni yóò gbé ẹnìkejì sínú bárò ẹlẹ́sẹ̀ kan, tí yóò tì í la ìgboro já, tí fèrè yóò máa dún, tí tọmọdé tàgbà yóò máa hó lé e lórí. Kò sí ẹni tó jẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, kó yáa kó lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn kó lọ bá àwọn kìnnìún òkè gbé.

Élíhù gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Bí elégédé mi ò bá gba ààrò yìí, ẹni yòówù kó gbà á, màá gbé e sínú bárò, màá tì í láti pápá ìpàtẹ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìbáà jẹ́ Ásà, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ Ásà."

Gbogbo wọn gbọ́. Dékìn alára jẹ́rìí sí i. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ẹnu Élíhù kò pa á ní tirẹ̀, ó kàn bá a yá bárò ni.

Alájàpá kan tó ń kiri ìkòkò páànù ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n tó kàn. Ó ní kí Élíhù fi ọ̀bẹ la ìtàkùn elégédé náà díẹ̀, kó ki òwú àtùpà bọ ibẹ̀, kó ti orí kejì òwú náà bọ inú abọ́ wàrà. Ó ní elégédé yóò máa mu wàrà bí ọmọ ọwọ́, yóò sì máa tóbi lójoojúmọ́. Alájàpá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán Élíhù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá fi rẹ́rìn-ín ni Élíhù sọ di ẹ̀sìn.

Màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Dáísì lórúkọ rẹ̀. Nídìí oúnjẹ alẹ́, Élíhù fi ṣíbí lu tábìlì, ó ní láti ọ̀la lọ, wàrà Dáísì kò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹnikẹ́ni nílé náà mọ́.

Kẹtúrà gbé ojú sókè. "Gbogbo ẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tọ́túlù?" Bẹ́ẹ̀ ló ń pè é, nítorí obìnrin ilé rere ni, orúkọ ìdílé ni irú wọn fi ń pe ọkọ.

"Gbogbo ẹ̀. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́."

"Bọ́tà tí Hépsíbà máa fi jẹ búrẹ́dì ńkọ́?"

Hépsíbà ni ọmọbìnrin wọn. Ó ti ń wọ aṣọ àgbàlagbà, ó sì ti ń jẹun àgbàlagbà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó wo búrẹ́dì àgbàdo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó ń lọ ìrìn àjò.

"Ta ló ń sọ ti bọ́tà nígbà tí ààrò ń bọ̀?" ni Élíhù wí. "Kẹtúrà, nítorí tìẹ ni mo ṣe ń ṣe gbogbo ẹ̀."

Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kẹtúrà kò jiyàn. Ó dìde, ó gbé korobá, ó lọ fún wàrà, nítorí fífún wàrà kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè rí láti ojú ọ̀nà, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbé abọ́ lọ sídìí elégédé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí Élíhù bá ti dé ibẹ̀, tó bá ti rí i pé inú abọ́ funfun, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù.

Elégédé náà sì tóbi! Èmi kò ní parọ́ fún yín. Ó kọ́kọ́ tó orí màlúù, ó tó àgbá, ó wá tó ohun tí èèyàn ń rìn yípo kó tó mọ ohun tó jẹ́. Élíhù sọ ọ́ ní Ọ̀gágun. Bí àlejò bá wá wò ó, Élíhù á ní kó ṣí fìlà. Nítorí olè, ó fi pákó kọ́ ilé yí i ká, ó fi ilẹ̀kùn àti àgádágodo sí i. Ó wá ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé wàrà ni àṣírí agbára, pé bí àwọn àgbẹ̀ yòókù bá lọ́pọlọ, wọn á ti mọ̀ tipẹ́. Ó tilẹ̀ gba Ásà nímọ̀ràn pé kó já àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, kó fi wàrà náà wọ́n àlùbọ́sà.

Ohun kan wà tí Élíhù rí tí kò fi ọgbọ́n wò. Òun tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, tó ń mu kọfí dúdú, ń rù, bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ lọ́ ọ nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Kẹtúrà àti Hépsíbà tí wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ kan náà ń sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ń dán. Élíhù ṣàlàyé rẹ̀ fún Dékìn pé ayọ̀ ni, pé kí obìnrin ṣáà mọ̀ pé ọkọ òun ń ṣe ohun ńlá, ó ti yó.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Élíhù wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀, ó ṣí àgádágodo, ó ní kí Ọ̀gágun máa bọ̀. Ọ̀gágun kò lè bọ̀. Inú ilé kékeré yẹn ló ti dàgbà, ilẹ̀kùn kò sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Élíhù wọn òòró, ó wọn ìbú, ó wá mú àáké, ó sì ń wó ilé tí ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Ó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun nìkan ni yóò gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ó gbìyànjú, nǹkan kan já lẹ́yìn kóòtù rẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa gòkè, Hépsíbà ti sáré lọ pe Ásà. Ásà mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá àti àwọn òpó igi, wọ́n yí Ọ̀gágun gun pákó, wọ́n tì í títí ó fi jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ásà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mú okùn, ó fẹ́ dè é.

"Má fi ìyẹn kàn án," ni Élíhù wí. "Okùn máa ha á lójú."

"Élíhù, òkè kan wà ní ẹ̀bá pápá."

"Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń de Ọ̀gágun lókùn rí?"

Kẹtúrà náà bá a sọ ọ́, ó ní kó jẹ́ kí wọ́n dè é, kí àwọn lè dé ibi tí ààrò wà láyọ̀. Élíhù ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí àyè kò sì sí fún ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gágun, Kẹtúrà àti Hépsíbà bá kẹ̀kẹ́ Ásà lọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Kẹtúrà gbé agbọ̀n kan dání, aṣọ funfun tó tutù ló fi bò ó. Élíhù bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ní nǹkan jíjẹ ni. Obìnrin náà kò parọ́.

Ní gbogbo ọ̀nà ni àwọn èèyàn ń dúró wòran, Élíhù sì ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nígbà tó dé orí òkè tí pápá ìpàtẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé gbogbo ojú ló kọjú sókè. Ẹ̀mí àṣehàn bà lé e. Ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó sọ ìjánu sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún àwọn èèyàn bí ẹni tó wọlé ìbò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn onífèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Ẹṣin tí wọ́n torí ọrùn rà ta pọ́ún.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí elégédé bá ṣubú, kò rí ojú tí yóò fi wo ibì kankan. Ọ̀gágun bọ́ sílẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń ronú, ó wá pinnu. Ó ń bọ̀ láti orí òkè, àwọn èèyàn pín sí méjì bí Òkun Pupa, ó kọjá níwájú àwọn adájọ́, ó gba inú pẹpẹ ápù kan kọjá, ó sì fi orí sọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ Ásà. Ó fọ́ gbàmù.

Inú rẹ̀ ṣófo. Èèpo fẹ́lẹ́ àti hóró nìkan ló wà níbẹ̀, ihò inú rẹ̀ sì tó ibi tí àgùntàn lè sá òjò sí. Gbogbo èèyàn wo elégédé, wọ́n wo Élíhù, kò sí ẹni tó sọ ohun tó ń rò. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kò dúró ro nǹkan kan. Nígbà tí Élíhù fi máa sáré délẹ̀, èyí tó kù nínú Ọ̀gágun kò kún fìlà.

Ó lọ bá àwọn adájọ́. Hóró elégédé kan lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n olórí wọn, Élíhù sì ń bá hóró náà sọ̀rọ̀ nítorí kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dákun wọn èyí tó kù. Wọ́n ní kí ló kù. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọn ẹlẹ́dẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni elégédé òun wà. Wọ́n wọn ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́. Ásà ló gba ipò kìíní nínú ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bárò ti wà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ẹnìkan ti fọ̀ ọ́, ẹnìkan ti kùn ún ní pupa, wọ́n tilẹ̀ tẹ́ koríko gbígbẹ sí i nínú. Élíhù lọ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ṣófo. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ìtìjú kọ́ ló ń dùn ún jù. Ọwọ́ Kẹtúrà ló ń wò, ibi tí iná jó ọwọ́ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó ń gbé ìkòkò kúrò lórí ìwọ̀ irin inú ihò ìdáná.

"Kẹtúrà," ó ní, "ààrò ti lọ. Mo ti fi ẹnu bà á jẹ́."

Ó ṣe Kẹtúrà bí ẹni pé òun kò gbọ́ dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Tọ́túlù. Wọn ò tíì pe orúkọ."

Olórí adájọ́ gun orí àpótí. Ó ní àwọn ti rí màlúù, àwọn ti rí èso, àwọn sì ti rí elégédé, fún ìgbà díẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí àwọn fojú rí tí àwọn fẹnu kàn, kò sí èyí tó dà bíi bọ́tà kan tó pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fi ìtẹ̀ onígi tẹ ewé sí lórí, tí ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ tọ́ wò títí tí wọ́n fi gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ni bọ́tà náà jáde wá gba ààrò: Ìyáàfin Kẹtúrà Tọ́túlù.

Ariwo ta. Hépsíbà dì mọ́ ìyá rẹ̀. Élíhù nìkan ló jókòó, ó ń ka nǹkan lórí ìka rẹ̀, ìṣirò náà kò sì gún.

"Bọ́tà wo?" ó bi í. "Wàrà wo lo fi ṣe bọ́tà?"

"Ti Dáísì ni."

"Elégédé ló mu ti Dáísì."

Kẹtúrà tún ìbòrí rẹ̀ so. Ó ní, "Omi ìfọbọ́ ni elégédé ń mu, Ọ̀gbẹ́ni Tọ́túlù. Mo máa ń po ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn kó lè funfun, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Orí ààtàn ẹlẹ́dẹ̀ àtijọ́ ló hù sí. Kò sí ohun tí kì í tóbi níbẹ̀."

"Gbogbo ọjọ́ tí mò ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù pé wàrà..."

"Hépsíbà ní òun máa sọ fún yín. Mo ní kó má dí yín lọ́wọ́."

Ásà wà nítòsí, ó gbọ́. Ohun tí Ásà bá gbọ́, gbogbo pápá ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níbi ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn onífèrè, ẹni tó ń fun èyí tó tóbi jù kò lè fun ún mọ́. Élíhù sì rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán, ó rántí ilé kékeré tí wọ́n kọ́ sórí ìsun omi tútù, tí obìnrin ń tọ́jú wàrà sí, tí òun kò tẹsẹ̀ bọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wá yé e pé òun nìkan ló jẹ búrẹ́dì gbígbẹ nínú ilé náà.

Ṣùgbọ́n ẹnu Élíhù kì í kú bọ̀rọ̀. Ó dìde, ó gbọn kóòtù rẹ̀. Ó sọ fún Dékìn pé ṣebí ilé òun ni ààrò ń lọ, a jẹ́ pé òun ló borí, kí wọ́n gbé bárò wọn kúrò níbẹ̀.

Dékìn ní, "Ta ló gba ààrò?"

"Ìyàwó mi."

"Ṣé elégédé ni ìyàwó rẹ?"

Élíhù wò yíká bóyá ẹnìkan yóò gbà á sílẹ̀. Kò sí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà tó fọ́nnu láìwẹ̀yìn ni yóò ti bárò rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Dékìn. Kẹtúrà fi ọwọ́ kó yẹ̀rì rẹ̀ tí iná ti jẹ jọ, ó jókòó sórí koríko, ó gbé rìbọ́nì búlúù tí àwọn adájọ́ fún ẹni tó gba ipò kìíní lé itan. Ásà gbé ààrò sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi okùn dè é dáadáa, ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n gbéra. Àwọn onífèrè wà níwájú, àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn, àwọn obìnrin yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń juwọ́ sí Kẹtúrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ni Élíhù ń wò. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé ojú pọ̀ lára òun. Ó ṣàkíyèsí pé bárò náà ń lọ ní títọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé kò sí ọkùnrin kan ní Òháíò tó mọ bárò tì bíi tòun, pé nínú ọrùn ọwọ́ ni àṣírí rẹ̀ wà, ó sì fi ọwọ́ kan ṣí fìlà láti kí wọn.

Bárò fì sí òsì, ó fì sí ọ̀tún. Kẹtúrà di etí bárò náà mú. Kò yí ojú wẹ̀yìn.

"Élíhù," ó ní, "fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Èmi kì í ṣe elégédé o. Bí mo bá ṣubú, màá dìde."

Élíhù dé fìlà rẹ̀ padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé ṣọ́ọ̀bù.